Ọ̀rọ̀ Inú WhatsApp Kì í Ṣe Àkọsílẹ̀

Ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá sílẹ̀ lóde òní, orí WhatsApp ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì pé ẹ fẹ́ ṣe nǹkan kan fún èdè Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà: bóyá àkójọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa tọ́ sípẹ́lì sọ́nà, bóyá ohùn tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, bóyá ètò orí fóònù kan tí ẹ fẹ́ túmọ̀. Kí ẹ tó dé ẹnu géètì, ẹnìkan ti ṣí ẹgbẹ́, ó ti fi àwòrán sí i, ó ti fà yín wọnú rẹ̀. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kú sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò bá WhatsApp jà. Orí rẹ̀ ni èmi náà ti ń gbọ́ pé olùkọ́ kò ní wá lónìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí a ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ àti ibi tí a ń tọ́jú ìpinnu sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀kan ṣe méjèèjì kì í pẹ́ láyé. Àwọn tó dá a sílẹ̀ yóò lọ ṣe agùnbánirọ̀, nọ́ńbà fóònù wọn yóò yí padà, àwọn tó gbapò wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni

Open source ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó kọ ọ́ ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti kà á, láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in. Ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú ohun tí Yorùbá ní lórí ayélujára gbà wá. Wikipedia Yorùbá ti ní àyọkà tó ju 30,000 lọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń kọ ọ́. Ètò MediaWiki tó gbé e ró, open source ni. Common Voice tí Mozilla dá sílẹ̀ ní 2017 ń gba ohùn àwọn ènìyàn jọ ní oríṣiríṣi èdè, Yorùbá sì wà lára wọn. Masakhane tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 kó àwọn olùwádìí jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kí ẹ̀rọ lè máa túmọ̀ èdè wa. YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, kóòdù rẹ̀ wà lórí GitHub níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó.

Kò sí ìkankan nínú wọn tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá fẹ́ bá òmíràn jọ sọ̀yà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí èkejì ń ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ tó ti kúrò níbẹ̀ ṣe kó tó lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ti wọlé. Níbo la ó ti máa sọ̀rọ̀? Níbo la ó sì máa kọ nǹkan sí?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Ká sọ pé ogún akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kó ọ̀rọ̀ Yorùbá 5,000 jọ fún ètò tí yóò máa tọ́ ìkọ̀wé sọ́nà. Wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìbéèrè ti dé. Ṣé "ènìyàn" nìkan la ó gbà wọlé, àbí "èèyàn" náà? Bí ẹnìkan bá fi "enia" ránṣẹ́ láti inú ìwé àtijọ́ ńkọ́? Ṣé a ó fi àmì sórí ohùn àárín, àbí a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ńkọ́, ṣé dandan ni kó gba àmì? "Nígbà tí" ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ kan ni àbí méjì?

Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnìkan tó gbọ́ àkọtọ́ dáadáa wá ṣàlàyé, ó fi ohùn gbà á sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Gbogbo wọn gbà. Àwọn kan fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn yìí kò gbọ́ àlàyé náà rárá, nítorí ẹni tó wọ ẹgbẹ́ WhatsApp lónìí kì í bá ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ gan-an, àárín ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìkéde tẹ́ẹ̀sì ni wọn yóò ti máa wá a kiri. Wọn kò sì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú àpótí ìwákiri kó fa ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn jáde.

Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ kan náà wọlé lọ́nà mẹ́ta nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ètò náà jáde, yóò máa fa ìlà pupa sábẹ́ ohun tó tọ́, yóò sì máa fi ohun tí kò tọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọkàn tán. Kì í ṣe pé wọn kò ronú. Wọ́n ronú dáadáa, wọ́n tiẹ̀ pàdánù oorun lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n kó èrò náà sí ni kò bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Ó sì yẹ kí àwa mọ èyí ju àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà lọ, torí ìtàn àkọtọ́ Yorùbá, ìtàn ìpinnu tí a kọ sílẹ̀ ni. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 ṣì wà. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, a mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí títí dòní. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, ìpinnu ìjọba lórí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí sì wáyé ní 1974. Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ló dé tí a fi ń kọ "ayé" dípò "aiye", a lè fi ìka tọ́ ibi tí ìdáhùn wà. Ẹ wá rò ó wò ká ní orí WhatsApp ni wọ́n ti ṣe ìpàdé 1875 yẹn.

Ṣé àwọn baba wa kọ̀wé ni?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ ọ́: àwọn baba wa kò kọ̀wé, ìmọ̀ wọn kò sì pa run. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi dípò ìwé. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kò lóǹkà. Ẹni tó ń kọ́ Ifá ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń ké e, ó ń tún un ké, àwọn àgbà ń gbọ́, bó bá sì ṣì í pè, wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ètò ìtọ́jú ìmọ̀ ni ìyẹn. Ó ní olùkọ́, ó ní ìdánwò, ó sì ní ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ WhatsApp kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò jẹ́ ìwé, kò sì jẹ́ àtẹnudẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni: ẹni tó ń kọjá lọ lásìkò náà ló gbọ́ ọ. Ẹni tó bá wá fi orúkọ àwọn baba wa gbè é, kò gbọ́ iṣẹ́ àwọn baba wa yé.

Ayálégbé ni wá

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ open source ti fojú winá rẹ̀ rí.

Láti 2002, BitKeeper ni Linus Torvalds àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ Linux fi ń tọ́jú kóòdù wọn. BitKeeper kì í ṣe open source nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ín, ó kàn gbà kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ náà gba àǹfààní ọ̀fẹ́ yẹn padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Torvalds jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git, èyí tí àwọn akọ́dù káàkiri ayé ń lò lónìí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtàn yẹn tàn wá. Torvalds ní ọgbọ́n àti àkókò láti kọ́ ilé tuntun. Bí onílé bá lé àwa jáde láàárín ìdánwò, ta ni yóò kọ́ ọ fún wa?

Slack ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kó lọ síbẹ̀ nítorí ó rọrùn lò. Tẹ́lẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ 10,000 tó kẹ́yìn ni ẹgbẹ́ tí kò sanwó lè rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, wọ́n sọ ọ́ di àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ 90. Láti oṣù Kẹjọ 2024, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó bá ti ju ọdún kan lọ rẹ́ pátápátá fún àwọn tí kò sanwó. Yahoo Groups ló wá burú jù. Ní 2019 wọ́n kéde pé àwọn yóò pa ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ti kó síbẹ̀ rẹ́, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa. Ẹgbẹ́ tí kò tètè kó ẹrù rẹ̀, ẹrù náà bá a lọ.

N kò sọ pé wọ́n hùwà ìkà. Onílé ló nilé. Ayálégbé tí kò mọ̀ pé ayálégbé lòun ni mo ń bá wí.

Ẹ wá wo bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹgbẹ́ bá ya ọ̀rọ̀ ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ló ni Freenode, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ open source ti ń pàdé sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bójú tó o bínú jáde, wọ́n dá Libera Chat sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì kó tẹ̀ lé wọn. Inú wọn lè má dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bàjẹ́, nítorí ibi ìsọ̀rọ̀ lásán ni Freenode jẹ́ fún wọn. Ibòmíràn ni kóòdù àti ìwé wọn wà. Lọ́nà kan náà, ìkéde tí Torvalds kọ nípa Linux ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1991 ṣì ṣe é kà lónìí, torí pé gbangba ló kọ ọ́ sí, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ibi púpọ̀.

Ìbéèrè márùn-ún

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ yan irinṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èwo ló ń jà lóde báyìí?" Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí.

Èkíní: ṣé àlejò lè kà á láìbẹ ẹnikẹ́ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà lè má sí lọ́jà lọ́jọ́ tí ọmọ tuntun dé. Ohun tó wà nínú Discord, bó ti wù kó dára tó, ẹni tí kò bá wọ inú ẹgbẹ́ náà kò ní rí i lórí Google. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní London tó ń wá ohun tí ẹ ti yanjú lánàá yóò kàn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Èkejì: ṣé a lè kó ẹrù wa jáde? Kí ẹ tó fi ohun kankan síbẹ̀, ẹ wo bí ẹ ó ṣe gbé e kúrò. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ló dára jù, èyí tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí.

Ẹ̀kẹta: ṣé fóònù lè ṣí i, ṣé kò sì ní jẹ dátà? Ọ̀pọ̀ wa kò ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tó ní in kò sì ní iná tí yóò fi ṣáájì rẹ̀ lójoojúmọ́. Irinṣẹ́ tó bá nílò kọ̀ǹpútà tuntun ti lé ìdajì ẹgbẹ́ jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ṣé ó mọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀? Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bi ara wọn ní èyí, àwa ni ó kàn. Nínú Unicode, lẹ́tà bíi "ọ̀" kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi. Ẹnìkan lè tẹ "ọ" kó tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ "ò" kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn tún wà tó ń lo ìlà kékeré nísàlẹ̀ dípò àmì tó-tò-tó. Lójú tiwa, nǹkan kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń rí wọn. Unicode ní ọ̀nà tí a fi ń sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ kan. Ẹni ìlà kékeré yẹn ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa fi òfin bá a wí, torí NFC kò ní bá wa tún ìyẹn ṣe. Kí ẹ tó gba irinṣẹ́ kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sínú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì fóònù mẹ́ta tó yàtọ̀, kí ẹ wá wọn, kí ẹ wo iye tó jáde. Bí mẹ́rin bá sọnù, ìwé yín náà yóò máa sọnù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí alámòójútó kan ṣoṣo ní. Wọ́n jí fóònù rẹ̀ nínú dáńfó, pásíwọ́ọ̀dù kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ojú òpó wọn ṣe di ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn mọ́ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní parí ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí.

Ohun tí mo fara mọ́

Èrò mi rèé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn wà. Bó bá jẹ́ WhatsApp ni, ẹ má lé wọn kúrò níbẹ̀, ẹ ó pàdánù àwọn tó wúlò jù. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Telegram sàn díẹ̀, nítorí a lè ṣètò rẹ̀ kí ẹni tuntun rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá, ènìyàn sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Ìkejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lásán, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin léèrè iye ìgbà tí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ti pè wọ́n lóru nítorí pé wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, ní gbangba. Git ni mo fara mọ́, kí ẹ gbé e sórí GitHub, GitLab tàbí Codeberg, pẹ̀lú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Mo mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn ni GitHub náà, Microsoft ló ni ín láti 2018. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ náà wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú Git, odidi ìtàn rẹ̀ ló gbà, kì í ṣe ojú ewé tòní nìkan. Bí onílé bá tilẹ̀kùn lọ́la, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ àwa náà. Kí ẹ sì kíyè sí i: ìjíròrò tí a bá ṣe sí apá tí wọ́n ń pè ní Issues kì í bá ẹ̀dà yẹn wá. Nítorí náà, inú fáìlì gan-an ni kí ìpinnu wà.

Wọ́n á ní Git ṣòro. Ó ṣòro díẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. A lè ṣí fáìlì lórí ojú òpó GitHub nínú fóònù, kí á tẹ àwòrán pẹ́ńsù, kí á kọ ohun tí a fẹ́ kọ, kó parí. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí WhatsApp. Ẹgbẹ́ tí Git bá sì ń bà lẹ́rù pátápátá, kó lo wiki. Ibi tí ìwé wà kò ṣe pàtàkì tó pé kó wà.

Irinṣẹ́ nìkan kò tó, ó nílò òfin. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí kò bá sí nínú fáìlì ìpinnu, a kò tíì pinnu rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí akọ̀wé ọ̀sẹ̀ náà sì kọ ìpinnu sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ìlà márùn-ún péré: ọjọ́ wo ni, kí ni ìbéèrè, àwọn ọ̀nà wo la gbé yẹ̀ wò, èwo la yàn, kí ló dé. Bí àpẹẹrẹ: "Ìbéèrè: ṣé a ó fi àmì sórí fáwẹ̀lì olóhùn àárín? Ọ̀nà: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Ìpinnu: rárá. Ìdí: àkọtọ́ tí ilé-ìwé ń lò kì í fi àmì sí i, àwọn olùkọ́ ló sì máa kọ́kọ́ lo iṣẹ́ wa." Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Kí ló dé" yẹn ni ìlà tí ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Láti 2000 ni àwọn tó ń ṣe Python ti ń kọ irú ìwé báyìí, PEP ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í kó èyí tí wọ́n gbà nìkan pamọ́, èyí tí wọ́n kọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dé lọ́la pẹ̀lú àbá tí a ti kọ̀ lánàá yóò ka ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yálà kó gbà, yálà kó mú ẹ̀rí tuntun wá, kò sí ìdí fún ìjà.

Nǹkan méjì ló kù kí n sọ lórí èyí. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí á fi Yorùbá kọ ọ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ tí a ń ṣe fún Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé girama, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ìyá àgbà tó mọ orúkọ ewé, àwọn ni ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ìwé wa bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, a ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tiwọn. Kí á kọ àkótán kúkúrú ní Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò, kí ìyókù jẹ́ Yorùbá.

Ìkejì, gbangba kò túmọ̀ sí pé kò sí àṣírí. Ohùn àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ tí a gbà sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, orúkọ abúlé wọn, a kò gbọ́dọ̀ gbé e síta àfi bí wọ́n bá fọwọ́ sí i pẹ̀lú òye ohun tó túmọ̀ sí. Ìpinnu wa ló yẹ kó wà ní gbangba. Ìgbésí ayé àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ kọ́.

Kí á tó lọ

Àwa tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ rántí pé ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Ẹgbẹ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ bá wà ní orí ènìyàn nìkan kò lè la irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kọjá. Èyí tó bá kọ nǹkan sílẹ̀ lè ṣí fáìlì rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kó sì tẹ̀ síwájú níbi tó dúró sí. Ìyanṣẹ́lódì lè má sí mọ́, ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀kọ́ wà lọ́dọọdún, ohun kan náà ló sì ń ṣe fún ẹgbẹ́.

Èdè wa kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ná owó lé e lórí lójoojúmọ́. Ohun tó ní ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àṣálẹ́ wọn ṣe iṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Bí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin bá ń kọjá tí a tún ń jiyàn lórí "enia" àti "ènìyàn" bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jà á rí, àṣálẹ́ àwọn ọmọ yẹn ni a ń fi ṣòfò, kò sì sí ohun tí èdè náà máa rí mú nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sáré fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kíliáránsì, ẹ ṣí fáìlì kan. Ẹ kọ ìpinnu márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdí wọn. Ẹ gbé e síbi tí àwọn ọmọ ọdún kìíní yóò ti rí i láìmọ nọ́ńbà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí WhatsApp, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.